Ẹ jọ̀ọ́, irú igi àti ewéko wo la lè gbìn sẹ́bàá títì wa ní Ìmọta tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ò ní máa tètè jó?

Ọmọ Ìmọta

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé àwọn tó mọ igi, tó mọ ewé, tó ń ta òdòdó wà níbí, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó gbé owó àdúgbò lé ẹni tí kò yẹ lọ́wọ́.

Àdúgbò wa wà ní Ìmọta, téèyàn bá ti Ìkòròdú ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ìtòkín. Títì wa gùn díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló kún fún ilé, ọwọ́ òsì jẹ́ pápá tí wọn ò tíì kọ́lé sí, ẹ̀kan àti ewé Akíntọ́lá ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìparí títì yẹn ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà àti ilé ìwòsàn kékeré táwọn aláboyún ń lọ. Oṣù kìíní tó kọjá yìí, ọjọ́ Sọ́ńdè ni, ẹnì kan dáná sun pàǹtí lẹ́yìn ilé ẹ̀, ó ní kíá lòun máa parí ẹ̀, ọyẹ́ sì ń fẹ́ lọ́jọ́ yẹn débi pé ètè gbogbo èèyàn ló là. Ká tó ṣẹ́jú, iná ti bọ́ sínú ẹ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí iná ẹ̀kan rí, ẹ mọ̀ pé kì í rìn, ṣe ló ń sáré. Ó sáré dé ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì ilé ìwé níbi tí kọńtirátọ̀ kan ti gbin àwọn igi tí wọ́n ń pè ní páìnì lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, igi tó rẹwà ni o, mi ò ní parọ́, àmọ́ abẹ́ ẹ̀ kún fún ewé gbígbẹ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ á rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí iná ṣe débẹ̀ ló gùn ún lọ sókè, ó ń ta pàràpàrà bí ìgbà tí omi kán sínú òróró gbígbóná. Páìpù omi tó ti orí táǹkì wá yọ́, ó tẹ̀ kọrọdọ bí àbẹ́là. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Sọ́ńdè ni, kò sọ́mọ kankan ní kíláàsì.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ èyí gan-an rèé. Ibì kan ṣoṣo niná yẹn ti dúró fúnra ẹ̀. Ilé àtijọ́ kan wà létí pápá yẹn, bàbá tó ni ín ti dolóògbé, pèrègún ni wọ́n fi ṣọgbà yí i ká, ó ti pẹ́ débi pé ìdí òmíràn nínú ẹ̀ ti nípọn tó itan ọmọdé. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ kejì. Ewé tó kọjú sí pápá, etí ẹ̀ jóná, ó ká kò bí awọ ẹja gbígbẹ. Ewé tó tẹ̀ lé e, mo fọwọ́ kàn án, tútù ni. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ inú ọgbà ṣì wà níbẹ̀ tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Ìta di eérú dúdú, inú ọgbà ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

CDA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ti wá dáwó jọ báyìí pé ká gbin nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ títì, iwájú ilé ìwé àti ráńdábaòtù kékeré tó wà ní ìyànà. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó máa bójú tó o. Ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà mú ìwé wá: igi masquerade tí ẹ̀ka ẹ̀ máa ń wálẹ̀, ewéko yellow bush, ọ̀pẹ royal palm, páìnì mìíràn, àti ọparun. Mo bi í pé àwọn igi ilẹ̀ wa ńkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti oko nìyẹn, ó ní àwọn èèyàn fẹ́ kí àdúgbò rí bí ìlú òyìnbó. Ó dùn mí, torí èmi ni mo rí ewúrẹ́ yẹn.

Ẹ bá mi wò ó, ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn igi kan wà tí iná kì í tètè mú àbí oríire lásán ni ti pèrègún yẹn? Èwo nínú igi ilẹ̀ wa ló lè dúró lẹ́bàá títì kó sì dùn ún wò? Báwo la ṣe máa tò ó? Owó wa ò pọ̀ o, kẹ́ ẹ mọ̀.

Olódòdó Ọ̀dọ̀gùnyàn

Ẹ kú ewu iná o, ẹ sì kú ìnáwó àdúgbò. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, gbogbo nǹkan tó wà nínú ìwé kọńtirátọ̀ yẹn ni mo ti tà rí, mo ṣì ń ta òmíràn nínú ẹ̀, torí náà kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ fún yín. Kò sí igi tí iná ò lè jó. Ẹni bá ní òun ń ta igi tí iná ò lè jó, ẹ má fún un lówó. Ohun tó wà ni pé àwọn igi kan wà tó jẹ́ pé kí iná tó gbẹ omi ara wọn tán, koríko tó gbé iná wá á ti jó tán, iná náà á sì ti rẹ̀. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé kẹrosíìnì lẹ gbé kalẹ̀ síbẹ̀ láìmọ̀. Ti pèrègún yẹn kì í ṣe oríire. Omi ló wà nínú ewé ẹ̀ àti nínú igi ẹ̀, kì í wọ́wé lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ewéko kì í sì í rí àyè hù dáadáa nídìí ẹ̀ tó bá ti ṣù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán igi wò rèé, ọ̀nà témi ń gbà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ mú dáadáa, ẹ lọ já ewé, ẹ rún un lọ́wọ́. Tómi bá jáde tọ́wọ́ yín sì tutù, ó dáa. Tó bá ń ta sánsán bí àbóníkí, tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, òróró ló wà níbẹ̀, iná fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, bí yukalípítọ́ọ̀sì ṣe rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo abẹ́ igi náà, ẹ wo inú ẹ̀ pẹ̀lú. Masquerade tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn yẹn, ẹ gbé ẹ̀ka tó wálẹ̀ yẹn sókè ẹ wo inú ẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ máa rí ewé gbígbẹ tó há sáàárín àti ẹ̀ka kíkú tẹ́nikẹ́ni ò gé rí. Ìta ẹ̀ ló tutù. Páìnì tó jó nílé ìwé yẹn kì í ṣe páìnì gidi, casuarina ni, àwọn tó ń gbé létí òkun mọ̀ ọ́n dáadáa, ibẹ̀ ló dára fún torí ó ń gba atẹ́gùn dúró lórí iyanrìn, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbìn ín mọ́ fẹ́ǹsì ilé ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ẹ̀kan, rárá o. Ọparun náà bẹ́ẹ̀, èèpo ara ẹ̀ àti ewé ẹ̀ tó ń já bọ́ tó láti dáná ọdún. Koríko ọba tí wọ́n fi ń ṣe tíì, bó ti wù kó ta sánsán tó, ẹ má gbìn ín sídìí ògiri, ewé gbígbẹ máa ń ṣù sí ìdí ẹ̀.

Royal palm ò burú fún ti iná, àmọ́ owó ẹ̀ pọ̀, kò sì í ṣíji bo ẹnikẹ́ni. Yellow bush kò burú tẹ́ ẹ bá ń gé e. Ẹ ò ní láti kórìíra gbogbo nǹkan tó tòkèèrè wá.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi: ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí pápá, ìlà pèrègún méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, kẹ́ ẹ gbìn ín kí ti ẹ̀yìn dí àlàfo ti iwájú, ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ara wọn. Lẹ́yìn ẹ̀, akòko. Akòko dáa jù fún ẹ̀bá títì lójú tèmi, igi ẹ̀ máa ń lọ sókè ni kì í fẹ̀ ya títì, òdòdó ẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú ó sì dà bí àlùkò, tó bá tanná ẹ máa dúró wò ó. Owó ẹ̀ kò sì tó nǹkan, torí igi la máa gé, kì í ṣe irúgbìn la máa rà. Ẹ gé ọ̀pá tó gùn tó apá àgbàlagbà, ẹ má gé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ẹ fi í síbi ibòji lọ́jọ́ kan kó tó wọlẹ̀, ẹ rì í tó ìdá mẹ́ta ẹ̀. Oṣù karùn-ún sí ìkeje ni kẹ́ ẹ gbìn ín kí gbòǹgbò lè múlẹ̀ kó tó di oṣù kejìlá. Ẹni bá ń gbin igi lóṣù kọkànlá, òkú igi ló ń gbìn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ẹ̀kan yẹn gan-an ni ọ̀tá yín, ó ju iná lọ. Tẹ́ ẹ bá sun ún, ẹ ń bá a ṣiṣẹ́ ni, gbòǹgbò ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, iná kì í débẹ̀, tójò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré á tún yọ orí mímú ẹ̀ jáde. Ohun kan ló ń pa á: ibòji. Ẹ̀kan kì í gbádùn abẹ́ igi. Torí ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé igi tó ń ṣíji ló máa gbà yín lẹ́yìn ọ̀la, kì í ṣe òdòdó. Àmọ́ kí igi tó dàgbà, ẹ ro ibẹ̀ kanlẹ̀, kẹ́ ẹ ṣa gbòǹgbò funfun yẹn dànù, kẹ́ ẹ gbin ànàmọ́ bo ilẹ̀ náà. Ànàmọ́ ò ní gbà fún un, ẹ sì máa rí nǹkan sè.

Ìyá Elewé

Ọmọ Ìmọta, mo kí ẹ o ọmọ mi. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, ewé ni mò ń tà lọ́jà, ìyá mi ló sì kọ́ mi.

Ohun tí olódòdó sọ dáa, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí i. A máa ń pe àwọn ewé kan ní ewé ẹ̀rọ̀, ewé tútù. Òdúndún, rinrin, tẹ̀tẹ̀ẹ̀gún. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní tútù? Torí omi ni o. Ṣẹ́ ọ̀pá tẹ̀tẹ̀ẹ̀gún kan wò, omi á máa kán sílẹ̀ tótó. Ẹ gbìn ín sétí gọ́tà yín níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí oòrùn ò sì í pa á jù, kì í fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ. Òdúndún ní tiẹ̀ fẹ́ oòrùn díẹ̀, ewé ẹ̀ nípọn bí ẹran, ẹ lè gbìn ín yí ráńdábaòtù ká. Èyí tó tún dáa níbẹ̀ ni ọ̀já ìkòokò, ewé ẹ̀ a máa ta gbọn-ọn sókè bí idà, ó lámì funfun-funfun lára, àwọn ará òkè òkun ń fowó ńlá ra ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sínú ìkòkò inú ilé. Ó lè lo gbogbo ẹ̀rùn láìmumi. Ẹni ò bá fún un lómi ló ń bá a ṣe ọ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, torí ọmọ wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Ẹnì kan máa wá sọ fún yín pé ẹ gbin orọ́, pé ó lómi nínú, iná ò lè jó o. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wàrà ara ẹ̀ tó bá ta sójú ọmọ, wàhálà ńlá ni. Lápálápá náà, àwọn bàbá wa fi ń ṣọgbà, àmọ́ èso ẹ̀ dùn lẹ́nu ọmọ ó sì lóró, òróró tún wà nínú kóró ẹ̀, fìtílà ni wọ́n ń fi í tàn láyé àtijọ́. Kò gbọ́dọ̀ dé iwájú ilé ìwé. Tẹ́nì kan bá dárúkọ iṣin, iṣin dáa lóko, ó dáa lẹ́bàá títì, ibòji ẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì là fúnra ẹ̀ lórí igi, oró ni, ọmọ ilé ìwé kì í sì í dúró dè é kó là. Agbálùmọ̀ ni kẹ́ ẹ gbìn fún wọn. Kì í wọ́wé tán, ìsàlẹ̀ ewé ẹ̀ a máa dán bíi fàdákà tí atẹ́gùn bá yí i padà, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an ló sì ń so. Ó pẹ́ kó tó so, àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ máa jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ni.

Ará Àdúgbò Tuntun

Ẹ má bínú o. Mi ò ní nǹkan kan lòdì sí igi, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò rò pé tẹ́ ẹ bá to pèrègún àti akòko yí àdúgbò ká, àwọn kan máa sọ pé ojúbọ lẹ fẹ́ kọ́? Àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní àdúgbò tiwa a ní in lọ́kàn láti gbin akòko méjì péré síwájú géètì, àwọn kan ní ìyá àwọn sọ pé kò dáa, bí ìpàdé ṣe tú ká nìyẹn. Èkejì, mo gbọ́ pé ó ń fa ejò. Mo ń béèrè tọkàntọkàn ni, mi ò fẹ́ kí owó yín ṣòfò kí wọ́n wá wú u lóru.

Alfa Ìjẹ̀dẹ́

Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fojú di, torí owó tí àdúgbò dá ni, ó yẹ kí ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí témi mọ̀. Mọ́sálásí tí bàbá mi ti ń pe ìrun ní Ìjẹ̀dẹ́, akòko ni wọ́n fi ṣọgbà ẹ̀, abẹ́ ẹ̀ la ti ń ṣe àlùwàlá nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò sẹ́ni tó bọ ọ́. Àwọn ọba àti ìjòyè fi ewé akòko joyè, òótọ́ ni, ìyẹn ò sọ igi náà di òrìṣà, gẹ́gẹ́ bí obì tí a fi ń ṣe ìgbéyàwó ò ṣe sọ obì di nǹkan mìíràn. Pèrègún pàápàá, ààlà ilẹ̀ ni wọ́n fi í pa, torí kì í kú, ẹni bá fẹ́ jí ilẹ̀ á bá a níbẹ̀. Pèrègún yìí kan náà làwọn òyìnbó ń gbìn sínú ìkòkò ní ọ́fíìsì wọn, tí ẹnì kankan ò sọ pé ọ́fíìsì di ojúbọ.

Ẹ pe pásítọ̀ kan, ẹ pe àwa náà, ẹ jẹ́ ká jọ gbin ti àkọ́kọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ á tán níbẹ̀. Ti ejò, igbó tí kò sẹ́ni tó ń ro ó ni ejò ń gbé, àti ibi tí eku pọ̀ sí torí pàǹtí. Tẹ́ ẹ bá ń ro ìdí ọgbà náà, kí lejò fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?

Tíṣà Báyọ̀

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Nǹkan tí mo fẹ́ fi kún un ò pọ̀, àmọ́ ó ká mi lára.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, lápá ibi tí iná igbó ti ń ṣọṣẹ́. Níbẹ̀ òfin ni pé ẹni tílé ẹ̀ wà létí igbó gbọ́dọ̀ tún ayíká ilé ẹ̀ ṣe dé ẹsẹ̀ bàtà 100, wọ́n sì ti wá ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹsẹ̀ bàtà 5 tó sún mọ́ ògiri jù, kó má sí nǹkan kan tó lè gbiná níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni kí wọ́n dà síbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní ọ̀pọ̀ ilé kì í jóná torí pé iná rìn dé ibẹ̀, ẹyin iná tí atẹ́gùn gbé láti ọ̀nà jíjìn ló ń balẹ̀ sórí ewé gbígbẹ nídìí ògiri. Ẹ wá rò ó wò, ọyẹ́ tiwa náà ń gbé e. Ní ìlú Oakland níbẹ̀, lọ́dún 1991, iná kan pa èèyàn 25, yukalípítọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kó wá láti Ọsirélíà láyé àtijọ́ wà lára ohun tó jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀. Igi àlejò ni, wọn ò mọ ìwà ẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fi í kún ilẹ̀ wọn. Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn ń gbin igi tútù sí ìlà gbọọrọ láti fi dá iná igbó dúró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ló wà níbẹ̀ báyìí. Nǹkan tí pèrègún bàbá yẹn ṣe ní Ìmọta nìyẹn.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ ká rò pé tó bá ti jẹ́ ti ilẹ̀ wa kò lè jó. Ẹ̀kan kì í ṣe àlejò. Ọ̀pẹ, tiwa ni, tẹ́ ẹ bá fi imọ̀ gbígbẹ sílẹ̀ kó rọ̀ mọ́ ọn lára, iná á fi í ṣe àkàbà gòkè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lómi tó bẹ́ẹ̀, ewé gbígbẹ tó so rọ̀ lára ẹ̀ náà ń gbiná. Ewé Akíntọ́lá ló wá jẹ́ àlejò, tó bá ti di oṣù kejìlá, igi ìdáná ni. Torí náà ìtọ́jú ṣe pàtàkì ju orúkọ igi lọ. Ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi ńlá kúrò títí dé orí èèyàn kí iná ilẹ̀ má rí ibi dì mú gòkè. Ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti oṣù kejìlá títí òjò fi máa rọ̀, ẹ má sì sun ún, ẹ kó o sínú kòtò kó jẹrà, ajílẹ̀ ni. Ẹ má da lẹ́búlẹ́bú pákó sídìí òdòdó nítorí pé ó dùn ún wò, iná lè máa jó nínú ẹ̀ lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìsẹ́ni tó rí i.

Ẹ wo òkè pẹ̀lú kẹ́ ẹ tó gbìn. Mi ò mọ̀ bóyá wáyà iná NEPA gba títì yín kọjá, tó bá gbà á, pèrègún àti òdúndún nìkan ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́ ẹ̀. Agbálùmọ̀ ẹ gbìn ín jìnnà sí fẹ́ǹsì tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Tẹ́nikẹ́ni bá dárúkọ ọ̀dán tàbí àràbà, ẹ fi sí ibi tó gbòòrò nìkan, gbòǹgbò wọn á gbé gọ́tà àti fẹ́ǹsì yín sókè. Ọjọ́ 14 oṣù keje ni ọjọ́ igi gbíngbìn ní Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dọọdún, ẹ lè fi ọjọ́ yẹn ṣe tiyín, á rọrùn láti kó àwọn ọmọ ilé ìwé jáde. Kẹ́ ẹ sì kọ 767 àti 112 sára ògiri ilé ìwé yẹn gàdàgbà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ nọ́ńbà tí wọ́n máa pè tí iná bá ṣẹ́ yọ.

Ọmọ Ìmọta

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ìyá Elewé, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ o, ẹ ṣeun mà. Ẹ̀gbọ́n olódòdó, Alfa, Tíṣà, Ọlọ́run á bá mi sanwó yín.

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún àwọn èèyàn nípàdé CDA, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojúbọ yẹn jáde lóòótọ́, màmá kan ló gbé e dìde, nígbà tí mo ka ohun tí Alfa sọ, ó ní òun fara mọ́ ọn tí pásítọ̀ òun bá máa wà níbẹ̀. Pásítọ̀ ti gbà. Wáyà gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọjá, torí náà ẹ̀gbẹ́ yẹn, kò ní sígi ńlá. A ti yọ páìnì àti ọparun kúrò nínú ìwé, kọńtirátọ̀ náà bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n a fún un ní iṣẹ́ kòtò gbígbẹ́ àti ríro ẹ̀kan, ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìdajì nínú owó tá a dá ṣì wà lọ́wọ́, màá fi ra táǹkì omi kékeré àti họ́ọ̀sì torí omi tí àwọn igi náà máa nílò lọ́dún méjì àkọ́kọ́ ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ni wọ́n máa máa bomi rin ín ní àárọ̀, ọ̀gá ilé ìwé ti pín in láàárín wọn, igi mẹ́ta-mẹ́ta.

Mo tún lọ sọ́dọ̀ ìyàwó bàbá tó ni ilé yẹn. Ó ti dàgbà gan-an, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Mo ṣàlàyé pé a fẹ́ gé nínú pèrègún òun. Ó ní kí n mú òun débẹ̀, ó fọwọ́ wá a títí tó fi kan ibi tí iná pa dà níbẹ̀, ó ní ọdún tí òun wọlé ọkọ ni ọkọ òun gbìn ín, òun ló ń bá a di ọ̀pá mú. Ó ní ká gé iye tó bá wù wá, ṣùgbọ́n ká má gé èyí tó wà ní igun. A gé 140. Wọ́n wà lábẹ́ ibòji ní ẹ̀yìn kíláàsì báyìí, a to wọ́n síbẹ̀ bí ẹní.

Akòko ló kù tá ò tíì rí tó. Tẹ́nikẹ́ni bá ní akòko tó fẹ́ rẹ́ lápá Agbọ̀wá tàbí Ìjẹ̀dẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbí, a máa gbé Márúwá wá kó o.